Ẹja Tí Ń Jẹun Tí Kò Sanra

Ẹja tí a ń jẹ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa mọ̀. A mọ àrọ̀ nínú ọbẹ̀, a mọ ẹ̀pìyà tí a yan lórí ẹyín iná, a sì mọ ẹja gbígbẹ tí àwọn ìyá wa ń fi sínú ẹ̀fọ́. Ṣùgbọ́n ẹja tí ènìyàn ń sìn nítorí àtiwò nìkan, tí a kò ní jẹ, tí a kò ní tà, tí ó sì tún jẹ́ ẹja inú omi iyọ̀, ó ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkàwé mi, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ fún yín pé àìsàn irú ẹja bẹ́ẹ̀ kan ni ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mọ́ mi lọ́wọ́ nínú ìsinmi Àjíǹde tí ó kọjá, àti pé ohun tí mo kọ́ nídìí rẹ̀ nípa aràn àti nípa oògùn kò kéré.

Ìlú Wagadúgù, tí í ṣe olú-ìlú Bùrkínà Fasò, ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, ní àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Paspanga. Àwọn ará àdúgbò tí wọ́n gbọ́ èdè Mooré sọ fún mi pé "fi agbára kún un" ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Àgọ́ àwọn jandáámù wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá tí a fi orúkọ Yalgado Ouédraogo pè kò jìnnà sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn adágún omi tí a sé fún ìlú náà kò jìnnà sí i. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ni ó ń gbé ibẹ̀, aṣọ ni wọ́n sì ń tà. Bàbá wọn, èyíinì ni bàbá àgbà mi, ń ṣòwò ní Tamale nígbà tí ìjọba Gánà pàṣẹ ní ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ kó jáde. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń kó ẹrù padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà àríwá ni àwọn gbà ní tiwọn. Ìdí nìyí tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi ń sọ Yorùbá, Mooré, Haúsá àti Faransé, tí ó sì jẹ́ pé Yorùbá àtijọ́ ni wọ́n ń sọ, èyí tí àwa ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kò gbọ́ tán.

Òyìnbó kan tí ó máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ wọn ni ó fi àpótí gíláàsì náà ta wọ́n lọ́rẹ nígbà tí ó ń padà sí ìlú rẹ̀. Omi 200 lítà ni ó ń gbà. Ẹja méjì ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú edé mẹ́ta, ìgbín òkun mélòó kan, àti àwọn òkúta tí ó kún fún ihò. Irú ẹja tí àwọn Faransé ń pè ní ẹja apanilẹ́rìn-ín ni àwọn méjèèjì: awọ wọn pọ́n bí ọsàn tí ó gbó dáadáa, ọ̀já funfun mẹ́ta sì dì wọ́n lára láti orí dé ìrù. Nemo ni gbogbo ọmọ àdúgbò mọ̀ wọ́n sí, nítorí fíìmù àwọn ọmọdé tí ó jáde ní ọdún 2003. Ẹja yìí kò sí nínú òkun tiwa rárá. Òkun Íńdíà àti òkun Pàsífíìkì ni ilé rẹ̀, níbi tí ó ti ń fara pamọ́ sáàárín ohun abẹ̀mí kan tí ó rí bí òdòdó, tí ó máa ń jó ẹja mìíràn lára bí wèrèpè, tí kì í sì í ṣe òun ní nǹkan kan. Ohun ìyanu mìíràn tún wà nípa rẹ̀. Akọ ni gbogbo wọn ní kékeré. Èyí tí ó bá tóbi jù ni yóò di abo, bí abo náà bá sì kú, akọ tí ó tẹ̀ lé e ní títóbi ni yóò yí padà di abo dípò rẹ̀. Èyí tí ó tóbi nínú àwọn méjèèjì, èyíinì ni abo, ni àìsàn mú.

Kí ènìyàn tó lè mọ ohun tí ó wà nínú ewu, ó yẹ kí ó mọ wàhálà tí ó wà nínú ṣíṣe òkun sí ìlú tí kò ní òkun. Láti Wagadúgù dé etíkun ní Lomé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 kìlómítà. Nítorí náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń po omi òkun. Iyọ̀ tí ó wà nínú lítà omi òkun kan tó gíráàmù 35, èyí tí ó fi jẹ́ pé àpótí 200 lítà ń fẹ́ iyọ̀ kìlógíráàmù 7, kì í sì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Aládùúgbò kan tí ó jẹ́ ọmọ Mali bi wá léèrè ìdí tí a kò fi ra iyọ̀ òkúta tí ràkúnmí ń rù wá láti Taoudenni nínú aṣálẹ̀. Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n omi òkun ní magnesium, calcium àti potassium nínú ní ìwọ̀n tí iyọ̀ lásán kò ní; iyọ̀ tí a pò pọ̀ fún iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n ń rà, láti ilẹ̀ Yúróòpù ni ó sì ti ń wá.

Ooru ńkọ́? Ní oṣù Ẹrẹ́nà àti oṣù Igbe, ooru Wagadúgù a máa gòkè dé ìwọ̀n 40 ti Celsius, nígbà mìíràn a tilẹ̀ kọjá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi ìwọ̀n 25 sí 27 ni ẹja yìí ń fẹ́. Fáànù ni wọ́n ń fẹ́ sí ojú omi náà tọ̀sán-tòru. Bí fáànù bá ń fẹ́, omi a máa gbẹ. Iyọ̀ kì í sì í bá omi lọ, ó ń ṣẹ́kù sẹ́yìn ni, èyí tí ó fi jẹ́ pé omi tí ó kù a máa ní iyọ̀ sí i lójoojúmọ́. Omi lásán ni a gbọ́dọ̀ fi dí àlàfo náà, kì í ṣe omi oníyọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní ọmọbìnrin kékeré kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí ó jẹ́ pé òun gan-an ni olùtọ́jú ẹja náà. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí kò yé e. Mo bu omi àpótí náà díẹ̀ sínú àwo, mo gbé e sí oòrùn. Nígbà tí ó padà débẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí ó rí funfun tí ó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ àwo, ó ké pé, "Iyọ̀ kò lè fò!" Mo ti gbọ́ àlàyé tí ó gùn jù báyìí lọ lórí ọ̀rọ̀ náà ní kíláàsì wa, tí kò sì yéni tó o.

Nígbà tí mo dé Paspanga, ẹja abo náà ti ń rù fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Ohun tí ó ya gbogbo ilé lẹ́nu ni pé ó ń jẹun. Bí a bá da oúnjẹ sí omi, òun ni yóò kọ́kọ́ yọjú, yóò sì jẹ ju ọkọ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ikùn rẹ̀ ti wọnú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti mú bí ojú ọ̀bẹ. Ìgbẹ́ rẹ̀, tí ó yẹ kí ó ní àwọ̀ oúnjẹ tí ó jẹ, funfun ni, ó sì gùn bí òwú, a máa wọ́ tẹ̀ lé e káàkiri inú omi.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò ṣe iyèméjì rárá. "Aràn ni," ni wọ́n wí. "Ọmọ tí ń jẹun tí kò sanra, kí ni ó ń ṣe é bí kò ṣe aràn?" Wọ́n ti bá ọkùnrin kan tí ń sin àgùntàn sọ̀rọ̀, ó sì ti fún wọn ní levamisole, oògùn aràn ẹran-ọ̀sìn, alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fẹ́ dà á sínú àpótí. Ìyàwó wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ní èrò tiwọn. "Ẹ jẹ́ kí n dín in," ni wọ́n wí, "kí owó iná mànàmáná lè sinmi." Kíá ni ọmọ náà bú sẹ́kún. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwàdà pátápátá, nítorí owó iyọ̀ àti owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ti bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà, ògiri yàrá tí mo sùn kò sì nípọn.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì péré." Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Tíṣà, ṣé wọ́n ń kọ́ yín ní ìṣègùn ẹja ní ilé-ẹ̀kọ́ yín ni?" Mo ní rárá o, ṣùgbọ́n ọmọ yín ti fi àwòrán ẹja náà ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù kí n tó gbéra, mo sì ti kàwé lé e lórí láti Lomé títí dé ibodè Cinkassé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi oògùn àgùntàn náà sórí pẹpẹ.

Ohun tí ń bà mí lẹ́rù nìyí. Oògùn tí ó lè pa aràn kò mọ̀ bóyá inú ẹja ni aràn náà wà tàbí inú òkúta. Àwọn òkúta inú àpótí náà kún fún aràn kéékèèké tí kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni, tí ó jẹ́ pé ìdọ̀tí ni wọ́n ń jẹ. Bí wọ́n bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò jẹrà, ammonia yóò kún inú omi, yóò sì pa ẹja tí a ní a ń tọ́jú. Edé àti ìgbín pàápàá lè bá a lọ. Òkun tí wọ́n ti fi ọdún mẹ́rin tọ́jú lè di omi òkú ní òru ọjọ́ kan, nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tí ì fi ojú rí.

Ẹ jẹ́ kí a tilẹ̀ yẹ ìfura náà wò. Ẹja tí ń jẹun tí ó ń rù lè ní aràn roboto gígùn nínú ìfun, irú èyí tí levamisole tàbí fenbendazole ń ṣiṣẹ́ fún. Ó sì lè ní aràn pẹlẹbẹ bí ọ̀já, èyí tí levamisole kò ní ṣe ní nǹkan kan, tí ó jẹ́ pé praziquantel ni ó ń pa á. Ó lè jẹ́ kòkòrò tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí, tí ó ní ìrù bí okùn tí ó fi ń lúwẹ̀ẹ́. Metronidazole ni oògùn tirẹ̀. Ó sì lè má jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹja tí kò rí oúnjẹ jẹ tó a máa yàgbẹ́ funfun, nítorí ikun inú ìfun rẹ̀ nìkan ni ó ń jáde. Àrùn kan tún wà tí ó bá ikọ́ ife tan, Mycobacterium marinum ni kòkòrò rẹ̀ ń jẹ́. A máa mú ẹja rù títí yóò fi kú, agbára káká ni oògùn kankan fi ń ràn án. Ẹ ó rí i pé oògùn àgùntàn orí pẹpẹ yẹn, ẹyọ kan péré ni ó lè wò nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí.

Ohun tí ó wú mi lórí jù nípa àwọn oògùn wọ̀nyí ni pé a kò ṣe ọ̀kan nínú wọn nítorí ẹja inú gíláàsì. Praziquantel, tí a ṣàwárí ní Jámánì ní àwọn ọdún 1970, ni oògùn àrùn ìtọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí à ń pín fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà àti ní Bùrkínà Fasò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò pín in lọ́jọ́ iwájú, tí a ó fi ọ̀pá wọn gíga ọmọ kí a tó mọ iye hóró tí ó tọ́ sí i. Metronidazole sì ni èyí tí gbogbo ilé mọ̀ sí Flagyl, tí ilé-iṣẹ́ Faransé kan gbé jáde ní ìparí àwọn ọdún 1950, tí à ń lò fún ìgbẹ́ ọ̀rìn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní oníbàárà kan tí ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀. Ó ní máíkíróskóòpù àtijọ́ kan ní ilé ara rẹ̀, ilé náà kò sì jìnnà. Ó ní bí a bá lè mú ìgbẹ́ tútù wá kí ó tó pẹ́, òun yóò wò ó fún wa, nítorí bí ó bá pẹ́, ohun tí ó wà láàyè nínú rẹ̀ yóò ti kú, a kì yóò sì rí nǹkan kan. Báyìí ni èmi àti ọmọ náà ṣe jókòó ti àpótí gíláàsì láti aago mẹ́fà òwúrọ̀, tí a ń ṣọ́ ìdí ẹja. Mo ti ṣọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ níbi ìdánwò rí, kò nira tó èyí. Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ ni ọmọ náà lù mí lẹ́sẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Mo fi ike tí a fi ń kán oògùn sójú fa òwú funfun náà pẹ̀lú omi díẹ̀, mo dà á sínú ìgò kékeré, mo sì gun alùpùpù ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ, ọmọ náà gbá mi mú lẹ́yìn, ó di ìgò náà mọ́ àyà.

Ọkùnrin náà kán díẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ó fi èyí tí ó fẹ́lẹ́ bò ó, ó sì tẹ ojú mọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́ láìsọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n wá wò. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ni ó ń ṣe mí. Ìmọ́lẹ̀ roboto kan ni mo rí, inú rẹ̀ sì ni àwọn ohun bíńtín wà, tí wọ́n rí bí hóró ẹ̀gúsí kéékèèké, tí wọ́n ń sáré lọ tí wọ́n ń sáré bọ̀; ọ̀kan kò dúró níbi kan kí ojú lè mọ ìrísí rẹ̀ tán. Wọ́n pọ̀ bí ìjàlọ. Kò sí aràn níbẹ̀, kò sì sí ẹyin aràn kan ṣoṣo. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni iṣẹ́ òun, òun kò sì ní fi ẹnu òun búra nípa orúkọ kòkòrò ẹja, ṣùgbọ́n ìwẹ̀ wọn jọ ti Giardia tí òun máa ń rí nínú ìgbẹ́ àwọn ọmọdé tí inú ń run. Ìbátan ni wọ́n lóòótọ́: àwọn tí ń gbé inú ẹja ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Hexamita àti Spironucleus. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn a máa wà nínú ẹja tí ara rẹ̀ le, láìṣe é ní ibi. Èyí tí a rí kì í ṣe ìwọ̀nba, ara ẹja náà kò sì le.

Oògùn ti hàn wàyí. Ó ku bí yóò ṣe dé inú ẹja. Níhìn-ín ni ìyàtọ̀ wà láàárín ẹja òkun àti àrọ̀ wa. Àrọ̀ inú odò kò nílò kí ó mu omi. Omi ń wọ ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa tọ̀ ọ́ dànù. Ẹja òkun kò rí bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ òkun ń fa omi ara rẹ̀ jáde láìsinmi, tí ó fi jẹ́ pé inú omi ni ó wà tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó ní láti máa mu òkun nígbà gbogbo, kí ó sì máa ti púpọ̀ nínú iyọ̀ rẹ̀ jáde láti ibi tí ó fi ń mí. Nítorí ìdí èyí, oògùn tí a dà sí omi lè dé ìfun ẹja òkun díẹ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Níwọ̀n ìgbà tí ẹja bá ṣì ń jẹun, inú oúnjẹ ni ó dára jù kí oògùn gbà dé ibi tí kòkòrò wà. Ìwọ̀n tí àwọn oníṣègùn ẹja fi lélẹ̀ ni mìlígíráàmù 10 fún gíráàmù oúnjẹ kan, fún ọjọ́ márùn-ún léraléra. Hóró mìlígíráàmù 250 kan ṣoṣo yóò tó gíráàmù 25 oúnjẹ, èyí tí ó pọ̀ ju ohun tí irú ẹja kékeré méjì bẹ́ẹ̀ lè jẹ lọ fún ọjọ́ márùn-ún.

Ilé ìtajà oògùn tí ó ní ìwé àṣẹ ni a ti rà á. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fẹ́ rà á lọ́wọ́ àwọn tí ń gbé oògùn kiri ìgboro nínú abọ́, nítorí owó tiwọn kéré. Èmi kò lè gbà. Oògùn tí ó ti jókòó nínú oòrùn Wagadúgù láti oṣù mélòó kan, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí a ti ṣe é, báwo ni ènìyàn yóò ṣe fi ìṣirò mìlígíráàmù lé e lórí?

Màmá kò jẹ́ kí a lo ọlọ ata wọn. Ẹ̀yìn ṣíbí ni mo fi lọ hóró náà kúnná. A gún edé àti ẹja díẹ̀, a po oògùn náà mọ́ ọn, a fi jẹlatíìnì tí a yọ́ sínú omi gbígbóná dì í pọ̀, kí oògùn má baà ṣàn dànù nínú omi. Nígbà tí ó dì, a gé e wẹ́wẹ́ bí hóró ọkà bàbà, a sì gbé e sínú ẹ̀rọ amúǹkandì. Ike ńlá tí ó gba 40 lítà ni a sọ di ilé ìwòsàn. Omi àpótí náà gan-an ni a bù sí i, a fi ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí omi sínú rẹ̀, a sì sọ páìpù kékeré kan sí ìsàlẹ̀ kí aláìsàn lè rí ibi sá pamọ́ sí. A kó àwọn méjèèjì síbẹ̀, nítorí bí abo bá ní i, akọ kò lè ṣàìní díẹ̀. Edé, ìgbín àti òkúta wà ní ilé wọn, oògùn kò kàn wọ́n.

Ní ọjọ́ kìíní, abo gbé oúnjẹ náà mì, ó sì tu ú jáde. Ó tún gbé e, ó tún tu ú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jẹ Flagyl láìfi omi tì í kíákíá yóò mọ ìdí rẹ̀. A pa oje aáyù díẹ̀ sí oúnjẹ náà, kì í ṣe pé aáyù jẹ́ oògùn kòkòrò yìí, kí òórùn rẹ̀ lè bo kíkorò náà ni. Ní ọjọ́ kejì, ó jẹ ẹ́. Bí ó bá kọ̀ ni, a bá da mìlígíráàmù 250 sí omi 40 lítà náà fúnra rẹ̀, kí a sì gbẹ́kẹ̀ lé òùngbẹ rẹ̀.

Òru ọjọ́ kẹta ni iná mànàmáná lọ. Ooru kò dín, fáànù dúró, ẹ̀rọ atẹ́gùn dúró. Omi tí ó bá gbóná kì í gba atẹ́gùn púpọ̀ dúró, omi tí ó ní iyọ̀ tilẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ju wákàtí kan lọ tí àwọn ẹja náà fi gòkè wá sí ojú omi, tí wọ́n ń la ẹnu. Kò sí ohun tí a lè ṣe ju kí a máa fi igbá bu omi sókè kí a sì máa dà á padà láti òkè, kí ó lè máa mú atẹ́gùn bọ̀. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, oorun sì gbé e lọ. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà nídìí àpótí ńlá, àwọn náà ń da omi. Nígbà tí ó di nǹkan bí aago mẹ́ta òru, tí apá ti ń ro mí, mo rí ọwọ́ kan tí ó gba igbá náà. Màmá ni. Wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n fà àpótí ìjókòó sún mọ́ ike náà, wọ́n sì ń da omi títí iná fi dé ní kété tí àwọn àkùkọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ní òwúrọ̀, wọ́n tún sọ ọ̀rọ̀ dídín lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní àkókò yìí, ọ̀rọ̀ ẹja ti di ọ̀rọ̀ àdúgbò, àwọn ènìyàn sì ń bèèrè bóyá kòkòrò inú rẹ̀ lè ran ènìyàn. Ìbéèrè gidi ni èyí, pàápàá ní ilẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti rí sòbìà. Ìyá ìyá mi ní àpá sòbìà ní kókósẹ̀ títí wọ́n fi di olóògbé. Omi mímu ni sòbìà ń gbà wọ ara ènìyàn, nípasẹ̀ kòkòrò kékeré inú omi tí ó gbé e mì, aṣọ lásán sì tó láti sẹ́ ẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé fún Bùrkínà Fasò ní ìwé ẹ̀rí pé ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 2011, ó sì fún Nàìjíríà ní tirẹ̀ ní ọdún 2013. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Chad, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí àrùn náà tán láàárín ènìyàn, inú ajá ni a tún ti bá a, ìfun ẹja tí àwọn apẹja ń dà sílẹ̀ fún ajá ni a sì fura sí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ará etídò níbẹ̀ láti máa ri ìfun ẹja mọ́lẹ̀. Èyí tí ó wà nínú ẹja tiwa kò ràn mọ́ ènìyàn. Ìbátan ikọ́ ife tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni ó lè gba ojú egbò wọ ọwọ́ ẹni, nítorí náà ni èmi kò fi jẹ́ kí ọmọ náà ti ọwọ́ bọ omi ní ọjọ́ tí ó ha ìka, ọṣẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike náà nígbà gbogbo.

Ní ọjọ́ karùn-ún, òwú funfun náà dáwọ́ dúró. Ohun tí ó jáde kúrú, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí edé tí ó jẹ. A tún mú un lọ sí ọ̀dọ̀ oníbàárà wa, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì rí méjì tàbí mẹ́ta péré tí ń lúwẹ̀ẹ́. A fi àwọn ẹja náà sílẹ̀ nínú ike fún ọjọ́ mẹ́wàá sí i láìsí oògùn, tí a ń pààrọ̀ ìdajì omi lójoojúmọ́, kí a tó dá wọn padà sínú òkun wọn. Ikùn abo kò tí ì yọ nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ kò mú mọ́.

Màmá bi mí léèrè ní alẹ́ tí ó ṣáájú ìrìn-àjò mi pé ṣé ó tọ́ kí a fi ìyà tó báyìí jẹ ara wa nítorí ẹja tí kò tó ìka méjì, ní ìlú tí àwọn ọmọ wà tí wọn kò rí oògùn aràn jẹ. Mo ní, "Màmá, òótọ́ ni ẹ sọ." Wọ́n ní àwọn kò bèèrè bóyá òótọ́ ni, ohun tí ó tọ́ ni àwọn bèèrè. Èmi kò rí èsì fún wọn títí di òní, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé owó tí a ná sórí oògùn náà kò tó owó ìrẹsì ọjọ́ kan nínú ilé náà. Iyọ̀ àti iná mànàmáná ni ó ń ná wọn lówó, àwọn wọ̀nyí kò sì ní parí.

Mo fa ìlà sí ìwé àjákọ kan fún ọmọ náà kí n tó lọ: ọjọ́, ooru omi, iyọ̀, oúnjẹ, àwọ̀ ìgbẹ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ó ń ya àwòrán ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Abo ti sanra. Nínú èyí tí ó dé kẹ́yìn, omi jẹ́ ìwọ̀n 27, abo jẹun lẹ́ẹ̀mejì, ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú díẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ìwé, ó fi Faransé kọ ọ́ pé akọ kò fẹ́ jẹun ní àárọ̀ ọjọ́ náà, àti pé Bàbá ti ń wá ibi tí àwọn fi Flagyl tí ó kù sí. Mo ti dá a lóhùn pé kí ó lọ wá ike tí a fi ń kán oògùn sójú.